Pátákó Ìtẹ̀léra Ìtàn Zelda ní Ìjẹ̀bú-Òde: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé

Pákó tí a fi ń to ìtàn àwọn géèmù The Legend of Zelda tẹ̀léra ti wà lára ògiri, òwú ti wọ̀ ọ́, káàdì 20 sì ti rọ̀ sórí ìṣó wọn. Ohun tó kù ni eteetí apá ọ̀tún, níbi tí géèmù Breath of the Wild àti Tears of the Kingdom wà. Ibẹ̀ ni iyàn ti ń gbóná jù láàárín àwa tí a ń gbá géèmù The Legend of Zelda níbí, nítorí náà a ó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

Plywood onílàjì ínṣì ni pákó rẹ̀, odindi ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4. Káfíńtà ni kó fi ayùn la ẹsẹ̀ bàtà 1 kúrò ní gígùn rẹ̀, kó lè ṣẹ́ku 8 sí 3. Ẹ má fi èyí tí wọ́n là kúrò dáná: tí ẹ bá gé ẹsẹ̀ bàtà 3 nínú rẹ̀, tí ẹ kàn án mọ́ apá ọ̀tún, òpó méjì tuntun lẹ ti ní, Nintendo, ilé-iṣẹ́ tó ni Zelda, ò sì tíì ṣíwọ́ géèmù ṣíṣe. Ẹ fi sánpépà ha á, kí ẹ kùn ún lọ́dà funfun olómi lójú àti lẹ́yìn. Ẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Bó bá jẹ́ ojú nìkan ló gba ọ̀dà, ẹ̀yìn á máa fa omi lásìkò òjò, á gbẹ tí ọyẹ́ bá dé, pákó á sì tẹ̀. Igi 2 sí 2 mẹ́ta tí a kàn dábùú ẹ̀yìn ló tún ń dì í mú.

Gígùn rẹ̀ jẹ́ ínṣì 96. Ẹ pín in sí òpó 15, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ínṣì 6. Ínṣì 3 á ṣẹ́kù ní òsì, 3 ní ọ̀tún. Ìlà mẹ́ta ló wà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ínṣì 10 síra wọn. Ìṣó onínṣì kan ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì gbá a wọlé tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á yọ lẹ́yìn: sẹ̀ǹtímítà kan nínú, ìyókù níta fún káàdì àti òwú.

Páálí ni káàdì, ínṣì 4 sí 5, pẹ̀lú ihò lókè. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n rárá. Ìwé Hyrule Historia, tó to ìtàn géèmù wọ̀nyí tẹ̀léra, tó sì jáde ní Japan ní 2011, fi Oracle of Seasons àti Oracle of Ages ṣáájú Link's Awakening. Ìwé Encyclopedia tó tẹ̀lé e ní 2017 yí i padà, ó fi Link's Awakening síwájú. Ẹ̀yìn náà ni Echoes of Wisdom dé ní 2024, tó lọ jókòó sáàárín Tri Force Heroes àti The Legend of Zelda ti 1986. Ẹni tó bá lẹ káàdì mọ́ pákó á ti fà á ya lẹ́ẹ̀mejì. Ní tiwa, Oracle méjèèjì wà lórí káàdì kan, nítorí èyíkéyìí lèèyàn lè kọ́kọ́ gbá.

Òwú dúdú ló bẹ̀rẹ̀ láti òsì, ní ìlà àárín: Skyward Sword, The Minish Cap, Four Swords, Ocarina of Time. Ìṣó Ocarina ni òwú ti pín sí mẹ́ta. Òwú búlúù ni ti ayé tí Link, akọni géèmù, ti dàgbà kó tó fi í sílẹ̀, níbi tí òkun ti bo Hyrule, ilẹ̀ ọba inú ìtàn náà: The Wind Waker, Phantom Hourglass, Spirit Tracks. Òwú àwọ̀ ewé ni ti ìgbà tí Ọmọ-ọba Zelda dá a padà sí ọmọdé: Majora's Mask, Twilight Princess, Four Swords Adventures. Òwú pupa ni ti Link tó kú, òun ló gùn jù, káàdì 8, láti A Link to the Past títí dé Zelda II. Òwú kọ́tọ̀nù ni kí ẹ rà ní Òkè-Àjẹ, nítorí ti náílọ́ọ̀nù máa ń yọ̀ lára ìṣó. Ẹ lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì mọ́ ìṣó kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kọjá sí èkejì.

Òwú pupa yìí gan-an ló mú wa gbé bébà ẹ̀rí kọ́ sẹ́yìn káàdì kọ̀ọ̀kan. Bébà àwọ̀ yẹ́lò: a rí i nínú géèmù fúnra rẹ̀. Àwọ̀ osàn: inú ìwé tí Nintendo fọwọ́ sí ló wà. Eérú: ẹnu àwọn tó ṣe é la ti gbọ́ ọ. Yẹ́lò ló ń borí. Pínpín sí búlúù àti àwọ̀ ewé ní yẹ́lò: ìparí Ocarina fi hàn, àwọn Amòye inú Twilight Princess sì sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ pa Ganondorf, olórí ọ̀tá Link. Ṣùgbọ́n kò sí ìparí kankan nínú Ocarina tí Link ti kú, àfi kí ọ̀tá pa ẹni tó ń gbá a. Ìwé 2011 ló mú ẹ̀ka yẹn wá. Osàn lásán ni, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku eteetí. Nintendo fi géèmù méjèèjì yìí sí ìpẹ̀kun, wọn ò so wọ́n mọ́ ẹ̀ka kankan. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ búlúù ní kí a wo Rito àti Korok, àwọn ẹ̀yà inú The Wind Waker, tó tún wà nínú Breath of the Wild, àti iyọ̀ òkúta tí géèmù náà sọ pé inú òkun àtijọ́ ló ti wá. Àwọn ti àwọ̀ ewé ní Zelda dárúkọ ìrọ̀lẹ́ (twilight, bíi ti Twilight Princess) nínú ọ̀rọ̀ ìbùkún rẹ̀. Méjèèjì jẹ́ yẹ́lò, kò sì sí èyí tó lè lé èkejì dànù.

Tears of the Kingdom tún dá kún un, nítorí ó pe Rauru ní ọba àkọ́kọ́ Hyrule. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn àgbà Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń jiyàn bóyá Olú-Ìwà tàbí Ọbańta ni Awùjalẹ̀ àkọ́kọ́ á mọ irú iyàn tó jẹ́. Àwọn kan fẹ́ kí a gbé Rauru lọ sí òsì, ṣáájú Ocarina. A ò gbà, nítorí amòye Rito wà láyé Rauru, bẹ́ẹ̀ The Wind Waker fi hàn pé lẹ́yìn Ocarina ni Rito jáde lára Zora, ẹ̀yà inú omi. Pẹ̀lúpẹ̀lù, Ganondorf ti wà lábẹ́ ààfin láti ìgbà náà, á wá di méjì nígbà Ocarina. Èrò tó dára jù ni pé Hyrule àtijọ́ wó, Rauru tún un dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí yẹ́lò kan tó sọ ọ́ ní gbangba.

Nítorí náà, òwú funfun ló so káàdì méjèèjì mọ́ra wọn nìkan, lórí ìlà àárín, ní òpó 13 àti 14. Òpó 15 ṣófo. Ẹni tó bá fẹ́ so wọ́n mọ́ òwú aláwọ̀ kan, bébà yẹ́lò ni kó kọ́kọ́ mú wá.