Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mo fẹ́ yan iṣẹ́ abẹ glaucoma

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù látìgbà tí mo ti ṣe iṣẹ́ abẹ glaucoma (àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, tí ìfúnpá omi inú ojú sábà máa ń dá kún) ni pé èwo ló dáa jù nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Èmi náà bi dókítà mi bẹ́ẹ̀. Kò dá mi lóhùn. Nọ́ńbà kan ló kọ sínú fáìlì mi, ó wá ní, "Ibí ni mo fẹ́ kí ìfúnpá ojú yín já sí o." Láàárín 10 sí 21 mmHg (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ìfúnpá) ni wọ́n sábà máa ń pè ní déédéé, ṣùgbọ́n ojú tí glaucoma ti bá iṣan ìríran rẹ̀ jà gan-an lè nílò 12 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè, torí òun ló ń lé àwọn iṣẹ́ abẹ kan kúrò nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yàn.

Kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tó ń dá ìríran tó ti lọ padà. Èyí tó kù ni wọ́n ń dáàbò bò. Mo mọ ẹni tó bá dókítà rẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ kò bàjẹ́ sí i láti ìgbà yẹn.

Bó bá jẹ́ pé oògùn kíkán sójú ló sú yín, tí glaucoma náà kò sì tíì jinlẹ̀, ẹ bèèrè lésà tí wọ́n ń pè ní SLT, èyí tó ń jẹ́ kí omi inú ojú ṣàn jáde dáadáa, kí ẹ tó ronú abẹ. Orí àga ni wọ́n ti ń ṣe é, wọn kì í la nǹkan kan. Nínú ìwádìí LiGHT tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó fi lésà bẹ̀rẹ̀ ni kò nílò oògùn kíkán lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Agbára rẹ̀ máa ń dín kù bí ọjọ́ bá ti ń lọ, wọ́n sì lè tún un ṣe. (Oríṣi glaucoma tí ojú ọ̀nà omi inú ojú ti pa dé ní ìtọ́jú tirẹ̀ lọ́tọ̀.) Àwọn irin kéékèèké bí iStent, tó ń la ọ̀nà fún omi inú ojú, ìgbà tí wọ́n bá ń yọ cataract (lẹ́ńsì inú ojú tó ti ṣú) ni wọ́n sábà máa ń fi wọ́n sí i. Ewu wọn kéré, ṣùgbọ́n wọn kì í fa ìfúnpá wálẹ̀ púpọ̀. Nọ́ńbà tèmi kéré ju ibi tí wọ́n lè fà á dé lọ.

Trabeculectomy ni wọ́n ṣe fún mi. Wọ́n á la ojú ọ̀nà kékeré kan sí funfun ẹyinjú, lábẹ́ ìpéǹpéjú òkè, kí omi inú ojú lè máa gba ibẹ̀ jáde sábẹ́ awọ fẹ́lẹ́ tó bo ojú. Bí mo bá gbé ìpéǹpéjú sókè níwájú dígí, tí mo wolẹ̀, mo máa ń rí i: ìléròrò kékeré tó funfun, tí omi wà nínú rẹ̀. Ọ̀tá rẹ̀ ni àpá. Bí ojú ọgbẹ́ bá jinná jù, ọ̀nà omi dí nìyẹn, ara àwa aláwọ̀ dúdú sì tètè ń dá àpá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo oògùn mitomycin síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá kúrò lórí ojú ẹni. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dé ìkẹta, ilé ìwòsàn ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ di ilé. Ìfúnpá gòkè, dókítà fi lésà já òwú ìránṣọ ojú kan, ó wálẹ̀. Ìríran mi ṣú bàìbàì fúngbà díẹ̀. Bí ìfúnpá bá lọ sílẹ̀ jù, ìyọnu mìíràn nìyẹn, cataract náà sì lè tètè yọjú. Ẹni tí kò ní ráyè wá síbi àyẹ̀wò, tàbí tí kò sẹ́ni tó máa mú un wá, kó sọ ọ́ kó tó fọwọ́ síwèé.

Túùbù ni ìkejì rẹ̀: rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ wà nínú ojú, tí ìdí rẹ̀ so mọ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n rán mọ́ funfun ojú. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní Ahmed ní fáàfù tó ń dín bí omi ṣe ń jáde kù. Ti Baerveldt kò ní, nítorí náà wọ́n máa ń so ó pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí omi má bàa tú jáde jù. Lára àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún tẹ́lẹ̀, ìwádìí TVT, tó fi túùbù wé trabeculectomy, rí i pé trabeculectomy kùnà fún nǹkan bí 47 nínú 100 láàárín ọdún márùn-ún, túùbù sì kùnà fún bí 30. Ṣùgbọ́n nínú ojú tí abẹ kò tíì kàn rí, ìwádìí mìíràn fi hàn pé trabeculectomy ló ṣe dáadáa jù lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ní túùbù dáa ju trabeculectomy lọ, ẹ bi í pé nínú ojú ta ni. Túùbù náà lè fa kí èèyàn máa rí nǹkan ní méjì-méjì, ó sì lè gún awọ ojú yọ síta.

Lésà tó ń jó ibi tí omi ti ń sun wà pẹ̀lú, ojú tí àwọn yòókù ti kùnà fún ni wọ́n sábà máa ń fi í ṣe.

Fún ẹni tó bá yan trabeculectomy: bí ojú bá pọ́n, tó ń ro yín, tàbí tó ń sun ọyún, ìbáà jẹ́ ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ. Ẹ má kán oògùn tó ṣẹ́kù nílé sí i kí ẹ máa retí ọ̀la.