Òkúta nínú àpò òróòro
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yàrá síkáànì tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ni. Mo ní kí màmá kan mí sínú, kí wọ́n dá èémí dúró díẹ̀. Àpò òróòro wọn yọ lójú ẹ̀rọ, ó dúdú bíi kóró iṣin. Nǹkan funfun kan ń tàn nínú rẹ̀, òjìji sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọọrọ, torí ìró ni ẹ̀rọ yìí fi ń wo inú ara, ìró kì í sì í gba inú òkúta kọjá.

Wọ́n yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì, òkúta náà yí tẹ̀lé wọn. Ká ní ẹran ló hù síbẹ̀ ni, kò ní kúrò lójú kan.

Dókítà ló máa sọ èsì, mo bá dákẹ́. Àmọ́ ojú mi ni màmá ń wò ṣáá. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí, ṣé ojú yín ti rí bẹ́ẹ̀ rí? Kí lẹ ṣe?