Àtíkè kọ́ ló ń sọ ọmọdé di arúgbó

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni ọmọkùnrin náà jókòó síwájú mi. Ọmọ ọdún 26 ni. Aago mẹ́fà ni eré máa bẹ̀rẹ̀, baálẹ̀ ẹni àádọ́rin ọdún ló sì fẹ́ ṣe. Ojú rẹ̀ ń dán bí ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣáà da àtíkè sí mi lórí, kí ẹ lẹ òwú mọ́ mi lágbọ̀n. Ó parí."

Mo rẹ́rìn-ín. Bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ojú ìyàwó ni mò ń kùn tẹ́lẹ̀, kí ẹgbẹ́ tíátà kan níbí ní Ìbàdàn tó ní kí n wá bá àwọn sọ géńdé kan di bàbá arúgbó. Mo da àtíkè sí i lórí, mo fi pẹ́ńsù dúdú fa ìlà mẹ́ta gbọọrọ síwájú orí rẹ̀, mo lẹ òwú mọ́ ọn lágbọ̀n. Ìgbà tó dé ibi tí bàbá ti ń súre fọ́mọ, tó mi orí tagbára tagbára, àtíkè gbéra lórí rẹ̀ bí èéfín. Ọmọ tó kúnlẹ̀ sín. Irùngbọ̀n yọ lápá kan, ó ń fì dirodiro. Eré ẹkún ni o, àmọ́ ẹ̀rín ni àwọn èrò ìwòran ń rín. Mi ò jáde lẹ́yìn aṣọ títí gbogbo wọn fi lọ tán.

Lára àwa aláwọ̀ dúdú, àtíkè kì í tiẹ̀ ṣe bí ọjọ́ orí. Ẹni tó ṣubú sínú àpò fúláwà lèèyàn ń jọ.

Màmá àgbà mi ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí láìmọ̀. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo jókòó tì wọ́n ní bárándà níjọ́ kan tí wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí, mo sì tẹjú mọ́ wọn. Ìlà ìhunjọ ojú wọn kò pọ̀ tó bí mo ṣe rò. Kòtò ló pọ̀: ẹ̀bátí ti wọnú, abẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti jìn, ẹran abẹ́ àgbọ̀n sì ti sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní, "Kí lò ń wò mí bí ẹni ń wo sinimá sí?"

Nítorí náà, kòtò ni mo kọ́kọ́ ń wá lójú ọmọ yìí. Foundation, ìpara ojú, tó dúdú ju àwọ̀ rẹ̀ lọ díẹ̀, tó sì pọ́n díẹ̀, ni mo fi sínú kòtò. Mi ò lo dúdú kirikiri, nítorí ṣe ló máa dà bí èédú. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ ni mo fi sórí egungun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo ní kó fa ojú ro, mo ní kó rẹ́rìn-ín. Ibi tí ojú rẹ̀ bá ti ká fúnra rẹ̀ ni mo ń tọ̀.

Ó wá kan latex, oje igi rọ́bà, tó ń rùn bí ìtọ̀ tó ti kan. Mo ti dán an wò lápá rẹ̀ lánàá, bóyá á yún un. Mo fi Vaseline pa irun ojú rẹ̀, nítorí mo gbàgbé ẹ̀ẹ̀kan rí, irun ojú ẹlòmíì sì bá a lọ. Ọmọ iṣẹ́ mi fa awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ síhà etí, mo fi fóòmù tẹ latex lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ gbẹ, mo fọ́n àtíkè sí i kó má baà lẹ̀ mọ́ra. (Ibi tí àtíkè wúlò sí gan-an nìyí.) A wá jọ̀wọ́ awọ náà. Ó hunjọ wẹ́rẹ́, bí ojú ògì gbígbóná tó ń tutù.

Olóògbé Dick Smith ará Amẹ́ríkà ni ọ̀gá nínú irú iṣẹ́ yìí. Òṣèré Max von Sydow kò tíì pé ọdún 45 nígbà tí Smith sọ ọ́ di àlùfáà arúgbó nínú sinimá kan tó jáde ní 1973. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà lè sún mọ́ ojú. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn kò lè rí latex mi. Òjìji inú kòtò ló máa rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń lọ jókòó lórí àga tó kẹ́yìn pátápátá, kí n wò ó láti ibẹ̀.

Fún irùngbọ̀n, mo gé àtáṣímẹ́ńtì funfun wẹ́wẹ́, mo ń lẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àgbọ̀n lọ sókè. Mo kun ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ náà, torí ọwọ́ yẹn ló máa fi di ọ̀pá mú.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré bẹ̀rẹ̀ ni ìyá ọ̀gá wa wọlé wá kí wa. Bí wọ́n ṣe rí bàbá tó jókòó, wọ́n kúnlẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá." Ọmọkùnrin yìí, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé, fò dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà!"

Ìyá wà lórí ìkúnlẹ̀, bàbá wà nílẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn: "Dìde jàre, irùngbọ̀n ẹ ń gbálẹ̀!"