Wọn ò tíì mọ ẹni tó ṣe é, wọ́n ti dárúkọ wa

Tí bọ́ǹbù bá dún níbì kan tàbí tí wọ́n bá ní ẹnì kan yìnbọn sáàárín èrò, àdúrà méjì ló máa ń bọ́ lẹ́nu mi. Àkọ́kọ́, kí Ọlọ́run tu àwọn èèyàn wọn nínú. Ìkejì, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ Mùsùlùmí ló ṣe é. Ìkejì yẹn máa ń dùn mí gan-an, torí kí ló kàn mí nínú ìwà ẹni tí mi ò rí rí? Àmọ́ mo ti mọ bí àwọn oníròyìn ṣe máa ń ṣe é, tó bá jẹ́ tiwa, ẹ̀sìn ẹ̀ ló máa wà lákọlé, tó bá jẹ́ ẹlòmíì, wọ́n á ní ọpọlọ ẹ̀ ni ò pé, wọ́n á wá àwọn ará àdúgbò ẹ̀ lọ, wọ́n á ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni.

Lọ́dún 1995 tí wọ́n fi bọ́ǹbù wó ilé ìjọba ní Oklahoma City, èèyàn 168 ló kú, kí ilẹ̀ tó ṣú àwọn kan ti ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ó jọ ọwọ́ àwọn ará Middle East. Timothy McVeigh ló ṣe é, ọmọ Amẹ́ríkà, sójà tẹ́lẹ̀. Bákan náà ni Norway lọ́dún 2011, Al-Qaeda ni wọ́n kọ́kọ́ ń dárúkọ, àṣé Breivik tó kórìíra Mùsùlùmí ló pa èèyàn 77.

Èyí tí kò kúrò lọ́kàn mi ni ti Quebec ní Kánádà, oṣù kìíní 2017. Àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun alẹ́ tán ni ẹnì kan wọ mọ́ṣálááṣí tó bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn. Ọkùnrin kan wà níta tó ń kó yìnyín, ó gbọ́ ìró ìbọn, ó pe ọlọ́pàá, ó sáré wọlé lọ ń tọ́jú àwọn tó fara gbọta, ìgbà tó rí ẹnì kan tó gbé ìbọn wọlé, ó rò pé apààyàn yẹn ló padà dé, ló bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọlọ́pàá ni onítọ̀hún, ni wọ́n bá mú un. Kíá, ìròyìn ti gba ayé kan pé ọmọ Morocco ni afurasí, àní ọ́fíìsì olórí ìjọba Kánádà ló kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kan kí wọ́n tó pa tiwọn rẹ́ lórí Twitter. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn o! Bẹ́ẹ̀ Mùsùlùmí ni àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó kú.

Wọ́n máa ń ní bí irọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Ó lè bá a lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó ka irọ́ yẹn láàárọ̀ ti lọ síbi iṣẹ́ wọn, wọn ò ní padà wá ka àtúnṣe.

Mi ò ní kí wọ́n bo Mùsùlùmí tó bá pààyàn mọ́lẹ̀, kí wọ́n dárúkọ ẹ̀, kí òfin mú un. Àmọ́ Allahu Akbar tí wọ́n ti sọ di igbe apànìyàn yẹn, òun ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ìrun láàárọ̀, mo sì máa ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i tí mo bá fẹ́ forí kanlẹ̀. Mélòó nínú àwọn tó ń kọ ọ́ sí àkọlé ló ti bi ẹnì kan nínú wa rí pé kí ló túmọ̀ sí?