Bí Mo Ṣe Sọ Àdámọ́ Di Oògùn: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Àbúrò Mi Tí Ẹ Ń Túmọ̀ Ìtàn Akọni

Ẹ̀yin àbúrò mi, ọdún kẹwàá rèé tí mo ti ń túmọ̀ ìtàn àwọn akọni láti inú ìwé àwòrán àwọn ará Jàpáàn sí èdè Yorùbá, mo sì ti pinnu pé tí ọdún náà bá ti pé, n ó pa ẹnu mọ́. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, méjì nínú yín fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ara wọn láṣọ ya nítorí orúkọ tí ó yẹ kí á máa pe agbára tí àwọn ènìyàn inú My Hero Academia, ọ̀kan nínú àwọn ìtàn akọni Jàpáàn wọ̀nyí, ní. Ọ̀kan ní "agbára àràmàǹdà" ni, èkejì ní "idán" ni. Ẹnì kẹta, tí kò tíì ka ju orí méjì lọ nínú ìtàn náà, wá bọ́ sáàárín wọn, ó ní kí á kúkú pè é ní oògùn kí oníkálukú máa lọ sílé rẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ oògùn yẹn ni àyà mi já, nítorí pé mo ti gba ọ̀nà náà rí, mo sì mọ ibi tí ó já sí.

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni mo kọ sílẹ̀ fún yín. N kò ní sọ̀rọ̀ nípa àmì ohùn tàbí bí a ṣe ń pín gbólóhùn, ẹ ti kúrò níbẹ̀.

Èkíní ni pé kí ẹ ka ìtàn dé ibi tí ó bá dé kí ẹ tó sọ ohun tó gbé e ró lórúkọ. Oṣù keje ọdún 2014 ni Kohei Horikoshi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí nínú Weekly Shōnen Jump, ìwé ìròyìn ìtàn alàwòrán kan ní Jàpáàn, oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni ó tó parí rẹ̀. Ẹni tí ó fi orí kìíní nìkan sọ agbára inú rẹ̀ lórúkọ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń ṣe ìkómọ fún oyún oṣù mẹ́ta.

Èkejì ni pé kí ẹ bèèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lẹ́nu àwọn tó ni ín ní ọjọ́ tí kò sí akọni kankan nítòsí. Kosei ni àwọn ará Jàpáàn pè é. Àmì ìkọ̀wé méjì ni wọ́n fi kọ ọ́: èkíní dúró fún ẹyọ ẹnì kan, èkejì dúró fún ìwà tàbí ìṣẹ̀dá. Kò sí awo kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Olùkọ́ lè sọ pé ọmọ kan ní kosei nítorí pé àwòrán tí ó ń yà kò jọ ti ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì. Àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì mú Quirk, èyí tí àwọn òyìnbó fi ń pe ìwà kékeré tó ṣàjèjì díẹ̀ lára ènìyàn. Títí di òní, àwọn olólùfẹ́ ìtàn náà kan ń yìn ín pé ó kúrú, ó sì dùn í pè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan kò dárí jì wọ́n, wọ́n ní ohun tó sọ ènìyàn di ara rẹ̀ ni kosei, kì í ṣe àṣà kékeré tí a lè fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn àwọn tí kò dárí jì wọ́n ni mo wà. Síbẹ̀, àwọn òyìnbó tiẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwà ni. Ibi tí èmi tí mò ń bú wọn gbà kò kan ìwà rárá.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé tó dùn lẹ́nu tàn yín jẹ. Ibí ni mo ní láti dúró díẹ̀, nítorí pé n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ láìsọ ìtàn ara mi.

Àwa márùn-ún la bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, a máa ń ka ohun tí a bá ti túmọ̀ sókè fún àwọn ọmọdé àti àwọn òbí wọn nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní Ìbàdàn, èmi sì ni olórí. Mo fẹ́ kí ìtàn náà dún létí wọn bí ìtàn tí ìyá àgbà ń pa. Àlàyé mi ni pé Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún agbára tó ju ti ènìyàn lọ. Ẹni tí kò fẹ́ kí ojú rí òun ní àféèrí, ẹni tí ó fẹ́ pòórá kúrò nínú ewu ní egbé, ẹni tí ọ̀nà jìn sí ní kánàkò. Gbètugbètu ń bẹ fún ẹni tí ó fẹ́ kí ọ̀tá máa ṣe ohun tí òun bá pa láṣẹ, ọ̀kígbẹ́ wà fún àdá, ayẹta wà fún ìbọn. Kí ni orúkọ tí gbogbo wọn ń jẹ́ pọ̀? Oògùn ni. Mo ní oògùn náà ni kosei, mo sì rò pé ọgbọ́n parí sọ́dọ̀ mi.

Ẹni tó kéré jù láàárín wa, ọmọbìnrin kan tó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, tó ń kọ́ nípa ẹ̀dá-èdè, nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ló se oògùn náà fún wọn?" Mo dá a lóhùn pé nígbà tí mo ti ń ka ìwé Yorùbá, wọn kò tíì bí i. Ó dákẹ́. Ó tún wá fún ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì sí i, lẹ́yìn náà a kò rí i mọ́. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín: inú mi dùn nígbà náà pé ó dákẹ́.

Ẹ̀rín ni ìyà mi kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí pé nígbà tí Izuku Midoriya, ọmọ tí ìtàn náà dá lé lórí, wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ìyá rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà sì fi àwòrán egungun ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn wọ́n, ó ní oríkèé méjì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó ní kosei kì í ní tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọmọ yìí kò ní kosei. Ohun tí èmi kọ ni pé dókítà wo egungun ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó mi orí, ó ní kò ní oògùn. Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn ká ọwọ́ lérí, ó ní, "Yéè! Ọmọ ọdún mẹ́rin!" Ó ti gbà pé àìsàn tí kò gbóògùn ló ń ṣe ọmọ. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí á rírú rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ti wo eré náà sì ń fi ẹ̀rín kú lọ. Ó gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó jí ọmọ náà dìde kúrò lórí ibùsùn ikú tí mo tẹ́ ẹ sí.

Dípò kí n pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, mo lẹ̀ ẹ́. Mo sọ ọ́ di "oògùn abínibí", ohun tí n kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Àwọn ọmọdé wá ń béèrè èèwọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní òógùn ara Bakugo, ẹlẹgbẹ́ Izuku, tó ń bú gbàù yẹn, tí ó bá wẹ̀ ńkọ́, ṣé oògùn náà kò ní bàjẹ́? Nígbà tí Aizawa, olùkọ́ wọn, wo ènìyàn lásán tí agbára onítọ̀hún kò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n ní ta ló fún un ní ẹ̀rọ̀. Kò sí ọmọ tó béèrè ìsọkúsọ nínú wọn. Oògùn ní ẹni tó se é, ó ní ewé àti egbò, ó ní èèwọ̀, ó ní ẹ̀rọ̀; a lè rà á, a sì lè sín in ní gbẹ́rẹ́. Kosei kò ní ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Ara ni ó ti ń hù bí eyín. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ kan tí ara rẹ̀ ń tàn yòò ní Ṣáínà ni ó ti ń tàn kálẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé nínú ènìyàn 10, bí 8 ló ní in.

Ìtàn Destro ni ó wá já mi sí ìhòòhò. Nínú apá yẹn, a gbọ́ pé nígbà àtijọ́, àwọn ènìyàn ń lépa àwọn tó ní agbára, inō sì ni wọ́n ń pè é, ìyẹn agbára tó yàtọ̀. Obìnrin kan wá jáde, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ó ní kosei ọmọ òun lásán ni, ó sì fẹ́ ayé tí ọmọ náà yóò ti lè gbé nínú rẹ̀ ní òmìnira. Wọ́n pa á. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn tó wà nípò gba ọ̀rọ̀ náà lò, wọ́n sì fi òfin de agbára yẹn pé ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ lò ó ní gbangba. Ọmọ tí obìnrin náà kú fún ni Destro, òun ni ó wá kó ogun jọ. Inú ìtàn náà gan-an ni ìjà orúkọ tí ẹ̀ ń jà yìí ti wà, ẹ̀mí ènìyàn sì lọ sí i.

Mo dìde láti ka ti èmi. Mo kà á pé obìnrin náà dúró níwájú èrò, ó ní oògùn ọmọ òun ni. Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Bàbá kan tó jókòó níwájú wá sọ wẹ́rẹ́ pé, "Ó jẹ́wọ́ nìyẹn." Àwọn tó yí i ká mi orí. Àwọn apànìyàn ni wọ́n gbè lẹ́yìn, n kò sì lè bá wọn wí, nítorí pé létí wa, obìnrin tó bá dúró níwájú èrò tó ní oògùn wà lára ọmọ òun ti jẹ́wọ́ lóòótọ́. Ìyá tó fún ìtàn náà ní ọ̀rọ̀ tó gbé e ró, ọwọ́ mi ni mo fi gbé e fún àwọn tó ń sọ ọ́ lókùúta. N kò ka gbólóhùn kejì. Mo pa ìwé dé.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe àìmọ̀. Èmi ni mo máa ń pariwo lé àwọn tó ń kọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ fíìmù Yorùbá lórí. Juju ni wọ́n ń pe ọfọ̀, juju ni wọ́n ń pe àféèrí, èpè pàápàá, juju ni. Mo máa ń fi Wole Soyinka gún wọn lójú, pé nígbà tí ó túmọ̀ ìwé Fágúnwà ní ọdún 1968, ó ronú lórí irúnmalẹ̀ títí ó fi kọ daemon dípò demon, ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ níwájú ìwé. Ohun tí mo bú ẹlòmíràn fún ni mo ṣe sí ará Jàpáàn kan tí kò ṣẹ̀ mí.

Mo wá àbúrò wa yẹn lọ, mo sì tọrọ àforíjì. Láti ọ̀sẹ̀ tí kò ti wá mọ́ ni ó ti kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀: àdámọ́. Ó ní a máa ń sọ pé àdámọ́ ẹnì kan ni ìbínú, àdámọ́ ẹlòmíràn sì ni ìwà pẹ̀lẹ́; kò sí ìyá tí kò lè dúró níwájú èrò sọ pé àdámọ́ ọmọ òun ni. Èmi fẹ́ àmútọ̀runwá, nítorí irun Dàda àti ẹsẹ̀ tí Ìgè fi wáyé. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn yóò gbé ọ̀run wọ inú ìtàn tó jẹ́ ti egungun àti ẹ̀jẹ̀. Mo ní ó dáa, àmọ́ All For One, ọ̀tá ńlá inú ìtàn náà, ń já kosei gbà lára ènìyàn, All Might, akọni tó lókìkí jù, sì fún Izuku ní tirẹ̀ nípa fífún un ní irun orí òun jẹ; báwo ni a ṣe ń já àdámọ́ gbà? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò yẹ kó ṣeé já gbà lédè Jàpáàn náà, ó sì yẹ kí ó ta òǹkàwé létí nígbà tí wọ́n bá já a gbà. N kò rí èsì fún un.

Orí mọ́kànlélógójì ni mo tún kọ. Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè àkójọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo yín ń lò báyìí. Tèmi kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo wá ìdajì ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mo ti gbà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé n kò rí i. Ẹ̀gbọ́n Olóògùn ni àwọn ẹgbẹ́ mi sì ń pè mí. Bakugo fi Deku bú Izuku, Uraraka, ọmọ kíláàsì wọn, wá sọ pé ó dún létí òun bí ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé ènìyàn lè ṣe é, ọmọ náà sì fi í ṣe orúkọ akọni. N kò tíì rí Uraraka tí yóò bá mi tún tèmi ṣe.

Ẹnì kan nínú yín tún sọ pé kí á fi kosei sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí a ṣe fi orúkọ agbára inú ìtàn Jàpáàn mìíràn sílẹ̀, Haki nínú One Piece àti Nen nínú Hunter x Hunter. N kò bá yín jà lórí méjèèjì yẹn, nítorí pé àwọn ènìyàn inú ìtàn fúnra wọn ní láti kọ́ ohun tí wọ́n jẹ́. Kò sí ẹni tí a kọ́ ní ohun tí kosei jẹ́. Bí a bá fi í sílẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ìyá yẹn yóò di àṣírí láàárín àwa tí a ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni mo ṣèlérí, mo mọ̀. Ẹ̀kẹrin dá lórí bí a ṣe ń mú ọ̀rọ̀ gígùn wọ inú àwòrán kékeré, ó lè dúró. Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ̀ ń jà, ẹ lọ túmọ̀ ibi tí obìnrin yẹn ti sọ̀rọ̀ ná. Kí ọ̀kan fi "idán" sí i, kí èkejì fi "agbára àràmàǹdà" sí i, kí ẹ wá kà á sókè fún àwọn tí kò mọ ìtàn náà rí. Kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ṣì wà lọ́wọ́ mi, bàbá tó jókòó níwájú lọ́jọ́ náà sì ṣì máa ń wá.