Ẹ dúró kí ọ́ìlì sọ̀kalẹ̀ kí ẹ tó gba gééjì gbọ́

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí náà ẹ bá mi fara mọ́ ọn tí ọ̀rọ̀ mi bá le díẹ̀. Gbogbo àwa tí a ní ọkọ̀ la mọ bó ṣe máa ń rí: epo lásán lẹ fẹ́ rà kí ẹ máa lọ, ẹnìkan á sún mọ́ yín, á ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín wo ọ́ìlì." Kí ẹ tó dáhùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti wà lókè. Oore ni wọ́n pè é. Oore yìí ló fẹ́ sọ ẹ́ńjìnnì mi di irin àlòkù.

Àbúrò mi ló wa ọkọ̀ náà jáde. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé èmi ni mi ò tọ́jú ọkọ̀ mi, láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, kí n tó fún un ní kọ́kọ́rọ́, mo ti wo ọ́ìlì. Ọkọ̀ ti sùn mọ́jú lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ́ńjìnnì tutù. Mo fa gééjì, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, mo nù ún, mo tì í bọ ihò rẹ̀ tán pátápátá, mo tún fà á. Ọ́ìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú àmì òkè. Mo sì kìlọ̀ fún àbúrò mi pé tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa lọ.

Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀, ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, ló bá yà láti ra epo. Ibi tó páàkì sí dà gẹ̀rẹ́: imú ọkọ̀ ga, ìdí rẹ̀ rẹlẹ̀. Bó ṣe pa ẹ́ńjìnnì báyìí ni ọmọkùnrin kan ti fa gééjì, fífà ẹ̀ẹ̀kan péré, kò nù ún, kò tì í padà. Ó gbé e sí àbúrò mi lójú. "Brọ̀dá, ọ́ìlì yín ti lọ tán o." Ojú gééjì gbẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì ò lọ ibì kankan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà lókè lára àwọn irin orí ẹ́ńjìnnì, ó ń ro bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ti dé inú sọ́ǹpù, agbada ọ́ìlì tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, sì ti ṣàn lọ sí ẹ̀yìn nítorí ilẹ̀ tó dà, bẹ́ẹ̀ iwájú ni gééjì ọkọ̀ mi wà.

Wọ́n da odindi lítà kan sí i. Ọmọkùnrin náà tún fa gééjì lójú ẹsẹ̀, àrọ ò tíì kúrò lẹ́nu ihò ọ́ìlì. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà ò tíì rí ọ̀nà dé ìsàlẹ̀, gééjì sì tún ní kò tó. Ni wọ́n bá ṣí ike kejì. Àbúrò mi ní òun bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí àwọn dúró díẹ̀, ó ní ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ òun ni òun ń ṣe yìí. Mo gba àbúrò mi gbọ́. Kì í purọ́ fún mi.

Fóònù tó dún lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ létí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ ń rú èéfín o!" Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní kó pa á lójú ẹsẹ̀, kó má ṣe sítáàtì mọ́. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ ò tíì mọ́: èéfín tó funfun tó sì ní àwọ̀ búlúù díẹ̀, tó wúwo, tó rọ̀ mọ́ ilẹ̀, òórùn ọ́ìlì jíjó sì gba gbogbo ibẹ̀. Ó ní kó tó di pé èéfín yọ ni iná pupa kan, èyí tó ní àwòrán ike ọ́ìlì kékeré, ti ń tàn tó ń kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn púlì ìsàlẹ̀, ibi tí orí kíránkì, irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, ti yọ jáde, ọ́ìlì ń kán tó, tó, tó. Bẹ́líìtì ti lá a, ó sì ti fọ́n ọn sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, díẹ̀ ń ta sára irin gbígbóná, ó ń hó ṣìì.

Àwọn èrò ti pé. Gbogbo wọn ló di mẹkáníìkì. "Ẹ sítáàtì ẹ̀, ká gbọ́ ohùn ẹ̀." Mo ní rárá. Ẹnìkan ní kí n tètè fa gééjì, ọ́ìlì ti jò tán nìyẹn. Mo tún ní rárá. Mo dúró. Ìdúró yẹn le fún mi ju ohunkóhun lọ lọ́jọ́ náà, nítorí mi ò mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì ti kú tàbí ó ṣì kù díẹ̀. Mo ń wo ọ́ìlì tó ń kán, mo ń rántí gbogbo nǹkan tí mo ti ṣe sára ọkọ̀ náà, àbúrò mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò lè wò mí lójú. Nígbà tí mo lè gbé ọwọ́ lé irin láìjó mi, mo fa gééjì, mo nù ún, mo tì í padà, mo tún fà á. Ọ́ìlì ti kọjá àmì òkè, ó ti gun ọ̀pá náà lọ jìnnà réré, títí dé ibi tó ti wé. Mo kán an sórí bébà funfun kan. Kò mọ́ kedere mọ́, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣì, atẹ́gùn wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ bí omi tí wọ́n po ọṣẹ sí.

Ìgbà yẹn ni bàbá kan lẹ́yìn mi wá ní, "Ó sàn kó pọ̀ jù ju kó má tó lọ." Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yẹn ti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ ju ohun tí ẹ rò lọ. Kíránkì ń yí lókè ọ́ìlì inú sọ́ǹpù ni, kò yẹ kó máa nà án. Tí ọ́ìlì bá ga jù, kíránkì á máa gbá a lójú gbogbo ìgbà tó bá yí, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan lójú ọ̀nà, títí yóò fi hó. Ọ́ìlì tó hó, atẹ́gùn ló pọ̀ nínú rẹ̀. Pọ́ǹpù ò lè ti atẹ́gùn bó ṣe ń ti ọ́ìlì, agbára ọ́ìlì á já wálẹ̀, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin. Ìdí tí iná pupa fi tàn nìyẹn nígbà tí ọ́ìlì pọ̀ kọjá ààlà. Èyí tí kò rí àyè á gba ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí bọ́ sínú ibi tí epo ti ń jó, èéfín sì dé. Tó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè ba ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú sàléńsà jẹ́.

Wọ́n fà á lọ bá mẹkáníìkì mi. Ó da ọ́ìlì náà nù, ó pààrọ̀ síìlì iwájú kíránkì, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò níbẹ̀, àti fíltà, ó fi ọ́ìlì tuntun sí i. Ó ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ọlọ́run ló yọ wá.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Òun náà ni ìdúró. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró. Ìwé tó bá ọkọ̀ yín wá á sọ iye ìṣẹ́jú: ìwé Toyota sábà máa ń ní kó ju ìṣẹ́jú 5 lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná bá kú, Honda máa ń ní bí ìṣẹ́jú 3. Èmi máa ń dúró tó ìṣẹ́jú 10, kò sì sí ẹni tó lè fi ìyẹn bú mi. Tí ẹ bá lè wò ó láàárọ̀ kí ẹ tó sítáàtì rárá, ẹ ti dúró láti òru mọ́jú nìyẹn, ìyẹn ló dá mi lójú jù.

Ilẹ̀ títẹ́jú náà ṣe pàtàkì, mo ti sọ ọ́ lókè, ẹ ti rí ohun tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ṣe fún mi. Tí gééjì yín bá wà níwájú tí imú ọkọ̀ ga, yóò ní ọ́ìlì ò tó. Tí imú ọkọ̀ bá rẹlẹ̀, yóò ní ó pọ̀. Irọ́ ni méjèèjì. Ẹ má sì gbàgbé pé táyà ẹ̀gbẹ́ kan tí kò ní atẹ́gùn, tàbí jáàkì tó ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀, sọ ilẹ̀ títẹ́jú di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Fífà àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ ni ọ́ìlì ń ta sára ọ̀pá àti ògiri ihò rẹ̀, nítorí náà ohun tí ẹ bá kọ́kọ́ rí, ẹ nù ún dànù. Àkísà tí kò ní òwú tó ń já ni kí ẹ lò. Ẹ tì í padà títí orí rẹ̀ yóò fi jókòó dáadáa, torí tó bá kù díẹ̀ kó wọlé, yóò ní ọ́ìlì kéré ju bó ṣe wà lọ. Ẹ fà á jáde, ẹ mú un dání gbọọrọ, ẹ má kọ ẹnu rẹ̀ sókè, torí ọ́ìlì á ṣàn wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ wo ojú rẹ̀ méjèèjì. Tí ojú kan bá ga ju èkejì lọ, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gbà, nítorí ojú tó ga ni ó fara kan ògiri ihò. Tí ọ́ìlì bá ṣì tuntun, tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò rí i, ẹ fi ẹnu gééjì lé bébà funfun, tàbí kí ẹ yí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bá a láti ẹ̀gbẹ́.

Àwọn kan máa ń bá mi jiyàn bóyá gbígbóná la fi ń wò ó tàbí tútù. Ohun tí ìwé ọkọ̀ yín bá wí ni kí ẹ ṣe. Ọ́ìlì máa ń fẹ̀ tó bá gbóná, láti tútù dé gbígbóná á fi nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 fẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń gba lítà 4, ìyẹn tó ìdá kan nínú márùn-ún lítà. Kékeré kọ́ ni lórí gééjì, ṣùgbọ́n kò tó àṣìṣe tí ẹni tí kò dúró rárá máa ṣe. Ọ̀nà kan náà ni kí ẹ máa gbà wò ó lójoojúmọ́, ẹ óò mọ̀ tó bá dín lóòótọ́.

Tó bá sì dín lóòótọ́? Ẹ ṣọ́ra. Láti àmì ìsàlẹ̀ dé ti òkè, ì báà jẹ́ MIN àti MAX, L àti H, tàbí ihò méjì, nǹkan bíi lítà 1 péré ni nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ìyẹn ni pé tí ẹ bá wà ní àárín, ìdajì lítà ló kù kó kún. Ẹ da díẹ̀, ẹ dúró, ẹ wò. Ẹ tún da díẹ̀, ẹ tún dúró. Mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́, màá tún sọ ọ́. Ká ní ọmọkùnrin yẹn dúró lẹ́yìn lítà àkọ́kọ́ ni, ì bá rí i fúnra rẹ̀ pé ó ti kọjá ààlà, síìlì mi ì bá sì wà níbẹ̀ lónìí.

Iná pupa yẹn, ẹ má fi ṣe gééjì. Agbára ọ́ìlì ló ń sọ, kò sọ iye rẹ̀. Nígbà tó bá tàn nítorí pé ọ́ìlì kéré, ó ti kéré kọjá ibi tí ẹ lè fojú fo. Ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan wà, ọ̀pọ̀ BMW òde òní wà lára wọn, tí kò ní ọ̀pá gééjì rárá, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń wọ̀n ọ́n. Ẹ tẹ̀ lé ohun tó bá kọ sójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná lòun sì sábà máa ń fẹ́. Tí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ọ̀tọ́máàtíìkì, gééjì kejì lè wà níbẹ̀, ti gíà. Ti gíà, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ la máa ń wò ó. Ti ẹ́ńjìnnì, ó gbọ́dọ̀ kú. Mo ti rí ẹni tó da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lé ti gíà nítorí pé ó ṣì wọ́n mú.

Tí ọ́ìlì bá ń pọ̀ sí i láìsí ẹni tó dà á, ẹ má rò pé gééjì ló ń ṣe wèrè. Omi ràdíétọ̀ lè ti wọ inú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á wá funfun, á kì. Tàbí kó jẹ́ epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó ló ń ṣàn sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, èyí wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ díẹ́sẹ̀lì tí wọ́n ń fi rìn kúkúrú kúkúrú. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló kàn.

Nígbà tí mẹkáníìkì mi parí, kò fa gééjì lójú ẹsẹ̀. Ó sítáàtì ọkọ̀ kí fíltà tuntun lè mu ọ́ìlì tirẹ̀, ó pa á, a jókòó. Iye lítà tí ìwé kọ, pẹ̀lú fíltà, ló dà sí i, kò dín kò lé. Ibi tí ọ́ìlì dé lórí gééjì, ó fi fáìlì ha á fẹ́ẹ́rẹ́. Òun ló ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún gééjì tí mo bá rà tuntun pẹ̀lú, kí n sì fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rà á, torí ọ̀pá tó gùn ju ti ẹ́ńjìnnì náà lọ á máa ní ọ́ìlì kún nígbà tí kò kún.