Wáyà Tó Ń Pariwo Létí: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Lórí Headphone Kékeré

Ohun tó wà lórí tábìlì ni headphone kékeré tó máa ń jókòó lé etí, tí fóòmù bò lójú, tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbé kọ́ orí. Koss Porta Pro tó jáde ní 1984 ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń mọ irú rẹ̀, àwọn aláfarawé rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà bí eṣú. Èyí tó wà níwájú wa kò ní orúkọ kankan lára. Sípíkà rẹ̀ jẹ́ ohm 60 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan (ohm ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó), wáyà rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá, kò ṣe é yọ. Ẹ̀sùn méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀: apá ọ̀tún ń dákẹ́, ó tún ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó gbé e sórí bá sì ń rìn, wáyà á máa lu gbì-gbì-gbì sí i létí.

Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn o. Iná ni ti àkọ́kọ́, ìgbọ̀nrìrì lásán ni ìkejì. Ẹni tó bá kà wọ́n sí ọ̀kan ṣoṣo á náwó sí wáyà ńlá, ariwo á sì tún peléke.

Ìjókòó kìíní: ìdánwò

Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì kúrò lára fóònù. Ẹ gbé headphone sórí, kí ẹ fi èékánná ha wáyà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ohunkóhun tí ẹ bá gbọ́ báyìí, iná kọ́ ló mú un wá, torí kò sí iná níbẹ̀. Ara wáyà ló ń gbọ̀n, tí ìgbọ̀n náà ń gun òkè dé ilé sípíkà, bí ohùn ṣe ń gba okùn tí àwọn ọmọdé máa ń so mọ́ agolo mílíìkì méjì. Headphone yìí pariwo: ó ń dún hára-hára níbi tí wáyà ti kan kọ́là ẹ̀wù. Síbẹ̀ ó ṣì sàn. Àwọn íápíìsì tó ń wọ inú ihò etí ló burú jù, torí wọ́n dí etí pa, ìgbọ̀n tó bá dé ibẹ̀ kò ríbi jáde mọ́.

Ó wá kan ti iná. Ẹ yí mítà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn iná, sí ohm 200. Ẹ fi ẹnu mítà kan kan ṣóńṣó pílọ́ọ̀gì, kí èkejì kan ìdí rẹ̀: apá òsì nìyẹn. Òrùka àárín àti ìdí ni apá ọ̀tún. Òsì dúró sórí 61.2. Ọ̀tún dúró sórí 60.8, ṣùgbọ́n bí a ṣe tẹ wáyà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí pílọ́ọ̀gì, mítà fò sí "1", ìyẹn ni pé ọ̀nà ti já. A tẹ̀ ẹ́ káàkiri títí dé etí, kò mì mọ́. Ibi kan péré ló bàjẹ́, ibi tó sì máa ń bàjẹ́ jù náà ni: ẹnu ibi tí rọ́bà líle pílọ́ọ̀gì ti parí tí wáyà rírọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo títẹ̀ tí àpò ṣòkòtò ń tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ló ń gbà á.

Kí ẹ tó gbé réésà, ẹ wò bóyá wáyà kò jẹ̀bi rárá. Òwú àpò máa ń kún inú ihò fóònù tí pílọ́ọ̀gì kò fi ní wọlé tán. Igi ìtayín gbígbẹ ló ń kó o jáde. Bí ohùn bá ń kùn hùn-ùn nígbà tí fóònù wà lórí iná, ẹ yọ ṣájà. Bó bá dákẹ́, ẹ̀bi ṣájà ni. Èyí tó ń ya èèyàn lẹ́nu jù ni ti akọrin tó pòórá: ẹ ń gbọ́ ìlù àti gbohùngbohùn, ohùn olórin fúnra rẹ̀ dà bíi pé inú kànga ló wà. Ọ̀nà àbọ̀ tí òsì àti ọ̀tún jọ ń lò ló já. Ohun tó bá dọ́gba ní ìhà méjèèjì ń pa ara rẹ̀ rẹ́, àárín sì ni ohùn akọrin sábà máa ń wà.

Ìjókòó kejì: pílọ́ọ̀gì tuntun lórí wáyà àtijọ́

Àwọn ohun èlò: pílọ́ọ̀gì mìlímítà 3.5 onípele mẹ́ta (ṣóńṣó, òrùka, ìdí), onírin, tí ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó láti kọjá ihò àpò fóònù. Lẹ́ẹ̀dì 60/40 tí a ń yọ́ fi so wáyà, tó nípọn mìlímítà 0.8, tó ní rọ́sìn (oje igi tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì mú) nínú. Rọ́bà tó ń sún kì lójú iná, mìlímítà méjì àti mẹ́ta. Áyọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀dì tó ṣe é yí ooru rẹ̀ pa dà. Ẹ má lo páásìtì àwọn tó ń jó páìpù omi. Ásíìdì inú rẹ̀ á máa jẹ bàbà lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti parí iṣẹ́.

A gé sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sọ nù. Orí mẹ́rin ló jáde: pupa, àwọ̀ ewé, àti aláwọ̀ bàbà méjì. Pupa sábà máa ń jẹ́ ọ̀tún, àwọ̀ ewé tàbí búlúù á jẹ́ òsì, bàbà á jẹ́ ọ̀nà àbọ̀. Kì í ṣe òfin. Ẹ fi mítà jẹ́rìí sí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń dá iṣẹ́ rú rè é. Àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé tí ẹ ń wò yẹn, fáníìṣì ni. Wọ́n fi kun fọ́nrán bàbà kọ̀ọ̀kan kó má baà kan èkejì rẹ̀, wọ́n sì wé gbogbo rẹ̀ mọ́ òwú nailọ́ọ̀nù kan kó má tètè já. Bí ẹ bá kàn gbé lẹ́ẹ̀dì lé e, lẹ́ẹ̀dì á ṣù bí omi lórí ewé kókò, kò ní mú. Àwọn kan ń fi láítà sun fáníìṣì náà. Bàbà á dúdú, á sì gan, kò ní pẹ́ já. Àwọn mìíràn ń fi sáńpépà ha á. Ìdajì àwọn fọ́nrán náà á bá a lọ.

Ooru ló ń ṣe é. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù sí nǹkan bíi dígírì 400. Ẹ yọ́ lẹ́ẹ̀dì tútù sí ẹnu rẹ̀ títí tí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kán omi kan. Ẹ lọ́ orí wáyà pọ̀, kí ẹ sì ti mìlímítà mẹ́ta rẹ̀ bọ inú ẹ̀kán náà. Lákọ̀ọ́kọ́ kò ní ṣe nǹkan kan. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta, èéfín kékeré á rú, fáníìṣì á hó, àwọ̀ pupa á sì di fàdákà lójijì láti ṣóńṣó lọ sókè. Nígbà tó bá ti ń dán yípo ni kí ẹ yọ ọ́. Bí ibì kan bá ṣì pupa, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì tuntun kún un, torí rọ́sìn ti jóná tán nínú ti àkọ́kọ́. Kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Èéfín fáníìṣì kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Bí nailọ́ọ̀nù bá yọ́ mọ́ ọn bí kókó dúdú, ẹ gé e kúrò, kí ẹ tún un ṣe.

Kí ẹ tó lẹ ohunkóhun, ẹ ti ìdérí pílọ́ọ̀gì bọ wáyà. Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló ti gbàgbé rẹ̀ rí, ẹ̀ẹ̀kan kọ́. Ṣóńṣó fún òsì, òrùka fún ọ̀tún, ìdí fún bàbà méjèèjì. Dígírì 350 ti tó níhìn-ín, kí áyọ́ọ̀nù má sì pẹ́ lórí rẹ̀, torí ike tó ya òrùka sọ́tọ̀ máa ń yọ́, pílọ́ọ̀gì á sì wọ́.

Mítà: 61.1 àti 60.9, kò fò mọ́. Ìdákẹ́-tún-sọ ti tán.

Ìjókòó kẹta: wáyà tó ga lójú, tó kéré níṣẹ́

Gbì-gbì-gbì kò kúrò. Wáyà àtijọ́ ti gbó, rọ́bà rẹ̀ ti le bí awọ ẹran gbígbẹ, a sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Wáyà dídì lẹ́wà, òun la kọ́kọ́ dán wò: géèjì 26 (bí nọ́ńbà géèjì bá ṣe ga tó ni wáyà ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó), mẹ́rin, a dì wọ́n bí irun, a sì fi àpò nailọ́ọ̀nù bò wọ́n. Dídì ń jẹ gígùn. Kí ó tó lè kù ní mítà 1.2, mítà 1.4 ni a gé lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìyẹn mítà 5.6 lápapọ̀. Kí a tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ sípíkà rárá, a fi téèpù dè é mọ́ ilé sípíkà, a sì tún ìdánwò èékánná ṣe. Ó burú ju ti àtijọ́ lọ! Ojú nailọ́ọ̀nù rí gbágungbàgun, gbogbo ìgbà tó bá fara kan aṣọ ló ń dún bí ẹni ń ha àgbọn, líle tó sì le ń gbé gbogbo rẹ̀ dé etí. Ìwúwo rẹ̀ tún ń fa etí sílẹ̀. A tú u ká.

Ohun tó ń pa ariwo ni rírọ̀, ojú dídán, àti fífúyẹ́. A pa dà sí wáyà onírọ́bà sílíkónì tó yípo, tó ní wáyà géèjì 28 mẹ́rin nínú. Àwọn kan á ní ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bàbà géèjì 28 ní nǹkan bíi ohm 0.21 nínú mítà kan. Àlọ àti àbọ̀ mítà 1.2 jẹ́ mítà 2.4, ohm 0.5 nìyẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà ohm 60, ohùn tó sọ nù kò tó 0.1 dB (dB ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó). Kò sí etí tó máa gbọ́ ọ.

Ìjókòó kẹrin: inú ilé sípíkà

Abẹ pẹlẹbẹ la fi ṣí ìdérí, láti ibi tí wáyà ti ń wọlé, díẹ̀díẹ̀ yípo. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó tú ohunkóhun, kí ẹ sì fi bírò sàmì sí ibi tí wáyà pupa wà lórí sípíkà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣọ́ra fún òòfà. Ẹnu áyọ́ọ̀nù ní irin lára. Bó bá ti sún mọ́ ẹ̀yìn sípíkà, òòfà á já a gbà lọ́wọ́ yín, á gbé e gúnlẹ̀ sí ibi tí ẹ kò rán an, bóyá sórí fọ́nrán tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ, èyí tó so ojú sípíkà mọ́ ìta. Bí fọ́nrán yẹn bá já, sípíkà náà ti lọ nìyẹn. Ẹ gbé ọwọ́ lé tábìlì, kí ẹ fi ìka dá áyọ́ọ̀nù dúró, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ wọlé dípò òkè. Ẹ nu tábìlì dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí èérún irin tó bá wà níbẹ̀, inú sípíkà ló ń lọ, á sì máa dún ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀ títí ayé. Selotéèpù la fi bo ojú sípíkà kí a tó tẹ̀ síwájú.

Áyọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ lórí ojú ìlẹ̀mọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì pa ẹnu wáyà tuntun lára ṣáájú, kí ó lè jẹ́ pé ìfọwọ́kàn kan ló kù.

Kókó kan la ta sínú, mìlímítà mẹ́jọ sí ibi ìlẹ̀mọ́, kí ó lè jẹ́ òun ni yóò gba fífà. Wáyà sílíkónì ń yọ̀, kókó rẹ̀ lè tú, nítorí náà a fi òwú ọ̀rá wé ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A kò lo súpà gúlù. Ó ń wọ inú fọ́nrán, á mú un le bí ìgbálẹ̀, ibi tó sì parí ló ti ń dá. Èéfín rẹ̀ náà tún ń fi funfun-funfun sílẹ̀ lójú sípíkà.

Àwọn kan á béèrè ìdí tí a kò fi fi sọ́kẹ́ẹ̀tì MMCX, ìyẹn ihò kékeré tí wáyà ń wọ̀ tó sì ń yọ, sí i kí wáyà lè ṣe é yọ. Ó ṣeé ṣe, ọ̀pọ̀ sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àyè inú ilé yìí kéré, MMCX sì ń yí bírí-bírí nígbàkígbà tí orí bá yí. Tó bá ti gbó, ìdákẹ́-tún-sọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lé jáde á tún gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé.

Ìjókòó karùn-ún: ìfẹsẹ̀múlẹ̀

Mítà: òsì 61.4, ọ̀tún 61.1. Ìdánwò kan ṣì kù tí mítà kò lè ṣe. Bí wáyà méjì ẹ̀gbẹ́ kan bá gba ipò ara wọn, ohm kò ní yí pa dà, ṣùgbọ́n sípíkà kan á máa tì síwájú nígbà tí èkejì ń fà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀sì á ṣá, olórin á sì fọ́n ká. Ẹ mú bátìrì volt 1.5. Ìdí bátìrì sí ìdí pílọ́ọ̀gì, orí rẹ̀ sí ṣóńṣó, ẹ̀ẹ̀kan fìrí. Ẹ wo ojú sípíkà òsì, ó tì síwájú. Ẹ ṣe òrùka bákan náà. Ọ̀tún tiwa fà sẹ́yìn. A ṣí i pa dà, a pààrọ̀ ipò wáyà méjèèjì, ó tọ́.

Ìdánwò èékánná: hára-hára ti lọ, gbì-gbì ṣì kù díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń kanlẹ̀. Èyí tó kù náà kì í ṣe iṣẹ́ áyọ́ọ̀nù. A fi ìdè ẹ̀wù kékeré kan sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sísàlẹ̀ oríta wáyà, a há a mọ́ ẹ̀wù láyà, a sì jẹ́ kí wáyà dẹ̀ díẹ̀ lókè rẹ̀ kí orí lè yí sọ́tùn-ún sósì láìfà. Gbogbo ìgbọ̀n tó ń bọ̀ láti àpò, ọ̀dọ̀ ìdè ló ń parí sí. Bí wáyà bá nà tán-ín-tán-ín lókè, ìdè kò ní wúlò. Ibẹ̀ gan-an la kọ́kọ́ ṣì í, nígbà tí a há a sísàlẹ̀ jù.

Ó ku rọ́bà oríta: a fi mìlímítà mẹ́ta sí i, ó sì ń yọ̀ bọ̀ sísàlẹ̀ lórí sílíkónì. A ó gbìyànjú èyí tó ní gọ́ọ̀mù nínú.